Ìbejì Ọmọ Kan Ṣoṣo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé géèmù wá sí Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí bàbá mi máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni bàbá mi. Èkó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, ó sì fi ọmọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọmọ náà jù mí lọ díẹ̀. Èmi wà ní kíláàsì kẹta girama.

Bọ̀dá ni wọ́n ní kí n máa pè é, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe ilé ní “ulé”, á ní ká tún un wí, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òkè wa pọ̀ jù, omi wa tutù jù, kùrukùru ìlú wa kì í jẹ́ kí òun mí dáadáa. Àmọ́ ó ní géèmù, a kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn wa, ó ki káséẹ̀tì bọ inú rẹ̀, ojú tẹlifíṣàn sì kún fún ìràwọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ wa ti kún fún ọmọ àdúgbò.

Ọ̀gágun kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wà nínú géèmù náà. Wọ́n ń fò láti ayé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń lé àwọn ọ̀tá tó jó ìlú wọn. Bí Bọ̀dá bá borí ibì kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á yọ láti sọ bí ìtàn ṣe ń lọ. Á kà á, á sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó jókòó sílẹ̀. Èmi ń kà á fúnra mi. Níparí káséẹ̀tì àkọ́kọ́, ọkọ̀ wọn gbiná. Àbúrò ọ̀gágun ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú iná kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ráyè sá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣẹ́ ku nǹkan kan àfi eérú. Mo sunkún. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tó kú kó tó mọ ìrìn. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn.

Nígbà tí Bọ̀dá ki káséẹ̀tì kejì bọ̀ ọ́, àbúrò ọ̀gágun yọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni nínú géèmù náà kò sọ pé ó ti kú rí. Ojú òsì ọ̀gágun tó fọ́ lójú ogun sì ti là, ti ọ̀tún ló wá fọ́.

“Bọ̀dá,” mo ní, “ẹni yẹn ti jóná.”

“Ta ló jóná?”

“Àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kà á fún wa.”

Ó yíjú sí mi. “Ìwọ tó ò lè pe ilé, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì?”

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan láti ilé kejì ní òótọ́ ni mo sọ. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Mo rí bí ojú Bọ̀dá ṣe le.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù fọ́. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló jókòó lé e. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ọ nígbà tó dún. Nígbà tí bàbá mi dé, Bọ̀dá ní èmi ni, pé mo fi ìbínú là á mọ́lẹ̀ nítorí pé òun kò jẹ́ kí n ta á. Bàbá mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú pàṣán, ó nà mí nínú pálọ̀ níwájú gbogbo àwọn ọmọ náà, ó sì ní n kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń ta géèmù. Bọ̀dá jókòó sórí àga bàbá mi. Bí mo ṣe ń jáde lọ, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbé mì. Màámi ní kí n fi Ọlọ́run ṣe onídàájọ́. Mo dáhùn pé ó dáa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Ọlọ́run bá mi jà; mo fẹ́ jà fúnra mi. Mo sì mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn jù láyé: kí àwọn ọmọ yẹn máa wò ó bí ọba.

Ẹ̀rọ omi kan wà nísàlẹ̀ òpópó wa, níbi tí gbogbo wa ti ń tò pẹ̀lú garawa. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. N kò bú u. Mo kàn ń sọ ìtàn káséẹ̀tì àkọ́kọ́ fún wọn ní ohùn Ẹ̀fọ̀n wa, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú ilẹ̀kùn, pẹ̀lú bí ọ̀gágun ṣe ń lu ilẹ̀kùn náà láti òde tó ń ké pe àbúrò rẹ̀. Mo sọ ọ́ títí àwọn tí kò tilẹ̀ wo géèmù rí fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí pálọ̀ wa.

Èmi jókòó sábẹ́ fèrèsé níta, mo ń bó ẹ̀gúsí.

“Bọ̀dá, ṣebí ó jóná?” ẹnì kan bi í.

“Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Eérú ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù?”

Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gúsí fi dà nù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti ronú sí i. Ó ní ìbejì ni àbúrò náà, pé ọ̀kan ló kú, èkejì ló wà nínú káséẹ̀tì kejì. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, wọ́n sì gbà fún un. Inú bí mi. Mo rò pé ó ti bọ́.

Káséẹ̀tì kẹta ló bá mi ṣe é. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yọ, Bọ̀dá kò kà á sókè. Mo dìde, mo ki orí wọ fèrèsé, mo sì kà á ketekete: ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ọ̀gágun bí, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò.

Gbogbo wọn yíjú sí Bọ̀dá. Ọmọbìnrin ilé kejì wá ní, “Bọ̀dá, ìbejì ọmọ kan ṣoṣo?”

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá ju páàdì tó kù sí fèrèsé láti fi bà mí. Kò bà mí, gíláàsì ṣokéèsì tí Màámi ń kó àwo sí ló fọ́ yángá.

Bàbá mi dé láti ìlú Aramoko nítòsí wa ní ìrọ̀lẹ́, ó rí gíláàsì. Kí ó tó béèrè, Bọ̀dá ti ní, “Ọ́ńkù, òun náà ni.”

“Irọ́ ni,” Màámi ní. Ó ti wà ní igun pálọ̀ láti ọ̀sán, ó ń ṣa ẹ̀wà. “Ojú mi ló ṣe é. Irọ́ ló sì pa mọ́ ọn níjọ́sí, ẹ kàn ò fẹ́ gbọ́ ni.”

Ara mi yá gágá. Mo wo pàṣán níbi tó ti ń fì lára ògiri. Ṣùgbọ́n bàbá mi mí kanlẹ̀, ó ní kí Bọ̀dá kúnlẹ̀, ó bá a wí díẹ̀, ó sì ní kó dìde. Ó ní òun kò lè na ọmọ tí ẹ̀gbọ́n òun fi síkàáwọ́ òun. Èmi tí òun fúnra rẹ̀ bí, ó lè nà mí.

Nítorí náà n kò dáwọ́ dúró. Ìbejì Ọmọ Kan Ṣoṣo di orúkọ. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè é ní ìdí ẹ̀rọ omi. Àwọn ọlọ́kadà ní ìkòríta tí wọn kò mọ ohun tí géèmù jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá bá mi lẹ́yìn kíṣìnnì.

“Jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Màá jẹ́ kí o ta géèmù.”

“Ẹ lọ sọ fún Bàbá pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi, pé ẹ̀yin lẹ fọ́ páàdì àkọ́kọ́.”

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. Kò lè sọ ọ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ìsinmi kò tíì parí tó fi ní òun ń lọ sílé. Bàbá mi sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ Iléṣà, ọ̀nà Èkó, ti ń gbéra, mo tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Mo fẹ́ rí i. Bọ̀dá gbé àpótí géèmù sórí itan nínú ọkọ̀, kò wo ojú mi. Àwọn ọmọ méjì kan ké orúkọ náà bí ọkọ̀ ṣe ń yí sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Inú mi dùn, ó ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi jókòó sí pálọ̀, tẹlifíṣàn wà ní pípa. Ó pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí. Ó ní, “Báwo ni ìtàn géèmù yẹn tilẹ̀ ṣe lọ? Wá sọ ọ́ fún mi.”

Mo mọ̀ pé ọ̀nà tirẹ̀ láti tọrọ àforíjì nìyẹn. Mo sì mọ gbogbo ìtàn náà lórí.

“N kò mọ̀ ọ́n, Bàbá,” mo ní. “Ẹ ò jẹ́ kí n wọlé wò ó.”

Mo bọ́ síta, mo lọ fọ abọ́.