Ọjọ́ tí Aládìyẹ Jẹ́jọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́

Lánàá ni mo ra ìgò bíà kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Owó tí mo san, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́, ì bá ra bíà fún gbogbo ẹgbẹ́ olórin wa, a ó sì tún fi ìyókù jẹ ẹran díndín. Àwo orin nìkan ló wọ́n nígbà náà. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan á máa jẹ gàrí títí oṣù á fi parí. Lónìí, ọmọ ọmọ mi ń fi owó gúgúrú ra mégà íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo orin ayé ti wà nínú fóònù rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ̀kankan dé ìparí rí.

Bí mo ṣe kúrò ní yunifásítì ni ìjọba ológun rán mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìtàn. Iṣẹ́ tí mo ń gbowó oṣù lé nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni gìtá. "Sólò" ni wọ́n ń pe tèmi, ìyẹn gìtá tó máa ń ké lórí àwọn yòókù. Wórù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ló ń ta báàsì, ìyẹn gìtá olóhùn ńlá tó ń gbé orin nílẹ̀. Ṣàbí aránṣọ ló ń kọrin. Ẹnì kẹrin wa ni Máríúsì, olùkọ́ bíi tèmi, ọmọ ìlú Pobè. Kò mọ ohun èlò orin kankan. Òǹkọ̀wé ni, ó ń kọ eré orí ìtàgé fún àwọn ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wa sì ni kí ó máa dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ orin rèé. Bàbá Aláṣọ, oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà, máa ń kó àwo àwọn òyìnbó onírun gígùn wá láàárín ìdì aṣọ rẹ̀. A ó gbé àwo lé pikọ́ọ̀pù, a ó gbọ́ ìlà kan, a ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, a ó dá a padà, títí Ṣàbí á fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. "Yíyọ orin" ni a ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ni orin náà, Faransé ni àwa gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Ṣàbí ń kọ, pàápàá jù lọ Ṣàbí. Àwọn èèyàn ń jó, ó parí.

A kì í ka orúkọ àwo. Àwòrán ara páálí rẹ̀ ni a fi ń pè é. Aládìyẹ ni èyí tí òyìnbó kan wọ kóòtù, tó há adìyẹ mọ́ abíyá. Olómi ni ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró sínú odò pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday, ní ṣọ́ọ̀bù Ṣàbí, a ó máa jiyàn èwo ló dára jù.

"Aládìyẹ ni ọba," Ṣàbí á ní. "Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò sunkún, kó lọ rí dókítà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni?" Máríúsì á bi í. "Bóyá ọṣẹ ló ń polówó."

"Báàsì Olómi dára," Wórù á sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn.

Sáà náà, ìjọba ní Ìyípadà ti dé, ohun gbogbo sì gbọ́dọ̀ wúlò fún un, títí kan gbígbá ojúde. Délégé tuntun, aṣojú ìjọba tí wọ́n rán sí wa, gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ní Sunday kan, ó gbọ́ ariwo wa, ó wọlé.

"Ẹ̀yin kámáráàdì, kí ni èyí ṣe fún àgbẹ̀?"

Ó gbé pikọ́ọ̀pù, ó kó gbogbo àwo wa lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní kí a wá ṣàlàyé wọn ní Thursday. Èyí tí kò bá wúlò fún àgbẹ̀, òun á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ní Saturday a ní ijó ìkórè ní Adido, a ò sì tíì yọ orin tí a fẹ́ lò tán. Bí àwo bá fọ́, ẹgbẹ́ wa tán nìyẹn.

Ní Thursday, Máríúsì ló gbẹnu sọ fún wa. Ó gbé Olómi sókè.

"Ẹ wò ó, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń la ọ̀nà omi lọ sí oko. Kò sí bàtà òjò, ni wọ́n ṣe wọ bàtà ilé."

Délégé mi orí bí ẹni tó gbà. Ó kọjú sí Wórù. "Ìwọ ńkọ́?"

"Báàsì rẹ̀ dára, ọ̀gá."

Ó gbé Aládìyẹ. "Èyí ńkọ́?"

"Ọlọ́sìn adìyẹ ni," Máríúsì dáhùn.

"Nínú kóòtù?"

"Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, ẹ má bínú."

"Kí ni orin náà ń sọ gan-an?" Ó wo Ṣàbí. Ṣàbí wò mí. Èmi wo àjà. Délégé bá ránṣẹ́ pe Bàbá Aláṣọ, ẹni tí gbogbo ìlú gbà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Aláṣọ jókòó, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé Aládìyẹ. Ó di ojú, ó tẹ́tí, títí tí òógùn fi bo Ṣàbí.

"Ó ní," Bàbá bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ará oko, ẹ kú iṣẹ́."

Ara wa rọlẹ̀ díẹ̀.

"Ó ní adìyẹ òun yé ẹyin, àwọn olówó wá kó o lọ."

Gìtá sólò bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì sí ọ̀rọ̀ mọ́. Délégé tẹ̀ síwájú. "Èyí wá ńkọ́?"

"Adìyẹ náà ló ń sunkún."

Délégé ṣí fìlà. Ó nu ojú. "Ẹ tún gbé e sí i."

Nígbà tí a kó ẹrù wa jáde, mo sún mọ́ Bàbá Aláṣọ. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ni?"

"Gbọ́ kí ni? Ọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Àwo kún ilé mi tí mi ò tíì tà. Bí wọ́n bá fọ́ tiyín, ta ni yóò ra tèmi?"

A jó ní Adido títí bàtà fi já. Délégé fúnra rẹ̀ gun orí pèpéle, ó ń túmọ̀ ẹkún adìyẹ fún àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì ṣí fìlà. Láti ìgbà náà, Aládìyẹ ni a fi ń ṣí gbogbo ìpàdé. Èyí tó burú jù ni pé Délégé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù Ṣàbí ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó sì lóríkunkun ju gbogbo wa lọ. Ó ní ojú kìíní àwo náà nìkan ló mọ ìyà mẹ̀kúnnù, pé ojú kejì jẹ́ ti àwọn olówó.

"Ẹ dákun," Ṣàbí bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, "ẹ kúkú wá tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Bàbá Aláṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Wórù tẹ̀ lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo. Máríúsì kú ní Pobè nígbà òjò tó kọjá, ó fi eré kan sílẹ̀ ní àárín. Délégé wà láàyè ní àdúgbò Plateau, ọ̀pá ló fi ń rìn wá. Èmi náà wà. Ṣàbí wà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di pátápátá. Kò gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà òun ló ń borí báyìí ní gbogbo ọjọ́ Sunday.