Èkejì Ọmọ Nínú Abọ́ Alápatà

Ní gbogbo Ifangni, ìlú tó wà lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, kò sí ẹni tó mọ inú ẹran bí Ìdírísù alápatà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀. Bí o bá wá ra ẹran itan, wàá gbọ́ ìwàásù lórí ẹ̀dọ̀. Bí o bá ra ẹ̀dọ̀, wàá gbọ́ ti òróòro, àti ti alápatà kan ní Daagbé tó fi ọ̀bẹ gún òróòro tó sì ba odindi màlúù jẹ́ lọ́jọ́ Iléyá. Nígbà tí Àsíátù ìyàwó rẹ̀ wá lóyún, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run, kò ya ẹnì kankan lẹ́nu pé Ìdírísù sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí.

"Ewúrẹ́ tí mo ti là kò lóǹkà," ló máa ń wí. "Mo mọ bí ọmọ ṣe ń sùn nínú ikùn, mo mọ ibi tó ń kọrí sí. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi?"

Aránṣọ ni Àsíátù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí pé abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó yọ abẹ́rẹ́ náà.

"Èwo nínú àwọn ewúrẹ́ yẹn ló dìde lẹ́yìn tí ẹ là á tán?"

Ìdírísù ní ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ibi tí wọn yóò bí ọmọ náà sí, ilé kan ṣoṣo sì ti pín sí mẹ́ta lórí ẹ̀. Ìdírísù fẹ́ kí wọ́n lọ sí ọsibítù àwọn ìjọ Àgùdà kan lódìkejì ẹnubodè, nítorí pé ó ti rí ibùsùn kan níbẹ̀ rí tí wọ́n ń yí irin lábẹ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ sì ń gòkè. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, fẹ́ kí ó bímọ lórí ẹní nínú yàrá òun, níbi tí òun ti bí Ìdírísù àti àwọn mẹ́fà mìíràn láìyí irin kankan. Àsíátù ní tirẹ̀ fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọba tó wà nílùú, lọ́dọ̀ Madame Odile, agbẹ̀bí tí wọ́n rán wá láti Porto-Novo.

Ìjọba Nàìjíríà ló kọ́kọ́ dá sí i. Oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi ti ẹnubodè pa, ní 1984, tí àwọn sójà dúró sí òdìkejì ibodè Igolo bí ẹni tó ń dúró de ogun. Ìdírísù ní kò séwu, òun mọ àwọn ọ̀nà inú oko.

"Ṣé kí wọ́n wá ṣe fàyàwọ́ mi kọjá bí àpò ìrẹsì?" ni Àsíátù bi í. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu, ọ̀rọ̀ ọsibítù náà sì kú síbẹ̀.

Ó wá ku Ìyá Àgbà. Màmá náà ní òun ò ní ìjà kankan pẹ̀lú ìjọba, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ pé nílé ìgbẹ̀bí wọn, wọ́n máa ń da èkejì ọmọ, ibi tó ń tẹ̀lé ọmọ wá, sí inú igbó fún ajá. "Ọmọ tí ajá bá jẹ èkejì rẹ̀, ta ni yóò mọ ibi tí yóò máa rìn gbéregbère lọ? Bí ẹ bá máa bí i síbẹ̀, kí ó wá sílé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ ni kó gbé e. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tó bá gbé e kì í lanu sọ̀rọ̀ títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi, Ìdírísù? Kì í sọ̀rọ̀."

"Ìyá, kò tó nǹkan," ni Ìdírísù dáhùn. "Ẹni tó ń gbé orí màlúù lójoojúmọ́."

Màmá náà wò ó. Kì í ṣe gbígbé ló ń dẹ́rù bà á.

Ìgbà yẹn, Révolution, ìjọba àwọn sójà tó ní òun fẹ́ yí ìlú padà, ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kò sì sí ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú kì í dá sí. Fádípẹ̀ ni olórí ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin gíga tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó kó àwọn èèyàn jọ, ó ní, "Camarades, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, oyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan mọ́. Gbogbo ọkọ aboyún gbọ́dọ̀ máa lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Madame Odile ní gbogbo Alámísì." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ méje ni Fádípẹ̀ bí, ìyàwó rẹ̀ sì ń retí ìkẹjọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò yọjú sí ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ kan. Ó ní ìpàdé.

Igbá kan tí wọ́n dá lu nísàlẹ̀ àti ọmọláńgidi alákìísà ni Madame Odile fi ń kọ́ wọn. Ó ti igbá náà mọ́ ikùn, ó ń fi ọmọláńgidi hàn wọ́n bó ṣe ń yí orí wá sísàlẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìdírísù nìkan ló ń wo igbá.

"Nínú ewúrẹ́," ló bẹ̀rẹ̀.

"Camarade alápatà," ni Madame Odile wí, "àwọn ẹran tí ẹ ń là, ṣé wọ́n máa ń bá yín sọ̀rọ̀?"

"Rárá, Madame."

"Bon. Ìyàwó yín yóò bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ dìde, ẹ wá sùn sórí bẹ́ǹṣì yìí."

Ó so igbá mọ́ ọn níkùn, ó ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì ní kí àwọn yòókù wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra aboyún lẹ́yìn nígbà ìrọbí. Raphaël bíríkìlà ló kọ́kọ́ dé, ó ra ẹ̀yìn Ìdírísù bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Madame Odile ní kí aboyún máa mí. Aboyún ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti ń kọjá lọ́jà, àwọn kan á kí i pé ẹ kú ìnira, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ó ń dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, kò pa Alámísì kan jẹ. Ohun tí Madame Odile ní kí wọ́n tọ́jú, ó tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: abẹ tuntun márùn-ún, ọṣẹ tó lè fọ gbogbo àdúgbò, aṣọ funfun, omi Javel tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Madame Odile ní kí wọ́n mú abọ́ kan tó ní ọmọrí wá. Ìdírísù gbé abọ́ tánganran ńlá rẹ̀, funfun ẹlẹ́tí aláró, èyí tó máa ń kó ẹ̀dọ̀ sí lọ́jọ́ ọjà, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó fi Javel sè é títí ojú gbogbo ilé fi ń ta.

"Ṣé abọ́ ẹ̀dọ̀ yín kọ́ nìyẹn?" ni Àsíátù béèrè.

"Ó ti kúrò níbẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ọmọ yàn, lẹ́yìn àsùbáà. Ọjọ́ iṣẹ́ àpapọ̀ ni. Fádípẹ̀ ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú jáde lọ ro pápá ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì ta ohunkóhun títí òun yóò fi fun fèrè ìparí. Àsíátù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìgbẹ̀bí, ó ń dúró, ó ń di igi mú, ó ń tún rìn. Ìdírísù wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù lórí, ó ń ṣàlàyé.

Olùrànlọ́wọ́ Madame Odile ti lọ roko fún Révolution. "Ẹ fọ ọwọ́ yín dé ìgúnpá," ni Madame Odile wí fún Ìdírísù, "kí ẹ wá dúró sẹ́yìn ìyàwó yín. Ẹ ra á lẹ́yìn bí mo ṣe kọ́ yín."

Ó ra á lẹ́yìn. Ó ṣe é dáadáa. Wákàtí kan kọjá, èkejì tẹ̀lé e. Nígbà tí ìrora wá le gan-an, ẹ̀rù mú Ìdírísù, bí ẹ̀rù bá sì ti mú un, ẹnu rẹ̀ ni í sá sí. "Má bẹ̀rù," ló wí, "nínú ewúrẹ́, bó bá ti dé ibi báyìí…"

"Ìdírísù." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Àsíátù kò pe orúkọ rẹ̀ gbàǹjà báyìí rí. "Bí o bá tún dárúkọ ewúrẹ́ kan nínú yàrá yìí, ilé bàbá mi ní Tchaada ni mo máa gbà lọ láti orí ibùsùn yìí, èmi àti ọmọ mi."

Ìdírísù pa ẹnu dé. Madame Odile sọ lẹ́yìn náà pé "o" tí òun gbọ́ dípò "ẹ" nínú gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé ọmọ ti sún mọ́lé.

Ọmọ jáde kí oòrùn tó kan àtàrí. Obìnrin ni. Kò ké.

Ìdírísù mọ bí ohun tí kò mí ṣe ń rí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wo ọmọ náà bó ṣe rọ̀ lọ́wọ́ Madame Odile, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ó sì rí i pé òun mọ ohun tí òun ń wò ju bí òun ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ. Madame Odile nu ẹnu ọmọ, ó dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, ó fi aṣọ ra á lẹ́yìn kíákíá. Àsíátù ń béèrè pé kí ló dé, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ìdírísù di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà kéékèèké. Lẹ́yìn náà ọmọ wúkọ́, ó ṣe bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun láìnídìí, ó sì figbe ta. Ìdírísù jókòó sílẹ̀. Kò dákú o, àwọn tó sọ pé ó dákú ń purọ́. Ó kàn jókòó ni.

Nígbà tí èkejì ọmọ tẹ̀lé e, Madame Odile yẹ̀ ẹ́ wò yíká, ó pe alápatà. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú ẹran, ẹ wá wò ó bóyá ó pé."

Ìdírísù wò ó. Ó pé. Ó sì jọ ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tì í. Madame Odile gbé e sínú abọ́ tánganran, ó dé ọmọrí, ó fi aṣọ funfun dì í. Ìdírísù gbé e rù, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ pinpin, ó sì kọrí sílé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sílé gba àárín ọjà. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko Révolution ti ń rọ́ dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ebi ń pa wọ́n, wọn kò sì tíì rí ẹran rà láti ọjọ́ méjì. Marthe tó ń ta ìrẹsì ló kọ́kọ́ rí abọ́ náà.

"Alápatà, ẹ̀dọ̀ ti dé? Gé tèmi sílẹ̀."

Ìdírísù mi orí.

"Ta lo wá fẹ́ gbé e fún? Àwọn ọ̀gá ní Porto-Novo?"

Ìdírísù tún mi orí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, wọn ì bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìdírísù tó dákẹ́, tó gbé abọ́ ẹ̀dọ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ dì í, ọ̀ràn ńlá nìyẹn. Kó tó dé ìdí igi máńgòrò, ogún èèyàn ti ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo pé ó ń kó ẹran pamọ́ kí mẹ̀kúnnù má bàa rí i rà. Fádípẹ̀ gbọ́ ariwo, ó fun fèrè, ó bọ́ síwájú rẹ̀.

"Camarade Ìdírísù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ àpapọ̀. Kí ló wà nínú abọ́?"

Ìdírísù fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ orí rẹ̀ mú.

"Sabotage nìyí, bíba iṣẹ́ Révolution jẹ́. Ṣí i níwájú gbogbo ìlú."

Ìdírísù rò ó. Ìyá rẹ̀ ní kó má sọ̀rọ̀. Kò ní kó má ṣí i. Ó sọ abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tú aṣọ, ó sì gbé ọmọrí sókè díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú Fádípẹ̀ yóò fi tó o. Fádípẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀dọ̀ ni," ló kéde. "Ó ṣì gbóná."

Marthe, tó bí ọmọ mẹ́fà, na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo inú abọ́, ó wo ojú Ìdírísù, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Camarade," ló wí, "èkejì ọmọ lẹ fọwọ́ kàn yẹn."

Fádípẹ̀ wo ìka rẹ̀. Ó bi Marthe pé èkejì ọmọ wo. Marthe ṣàlàyé fún un, ní ohùn rara, níwájú gbogbo ìlú, ohun tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde àti ibi tó ń gbà. Olórí ìgbìmọ̀, bàbá ọmọ méje, kò gbọ́ ọ rí. Ojú rẹ̀ yí, ilẹ̀ ìdí igi máńgòrò ló gbà á. Wọ́n wá omi fún un, apá kan fún ìka, apá kan fún ojú.

Àwọn obìnrin ti yí Ìdírísù ká, wọ́n ń kí i ẹ kú ewu. Kò lè dáhùn, ó ń mi orí bí alángbá. Wọ́n ní ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ó nawọ́ sí ìró Marthe. Wọ́n hó yèè, ìdajì wọn sì sáré gba ilé ìgbẹ̀bí lọ. Ó di aṣọ mọ́ abọ́ rẹ̀ padà, ó ń lọ.

Lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ìyá Àgbà ti fi ẹsẹ̀ sàmì sílẹ̀. Ìdírísù gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ títí ó fi kan orúnkún, ó gbé e sí i, ó bò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ erùpẹ̀ náà.

"O lè sọ̀rọ̀ báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìdírísù gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Ìyá, kò kọ́kọ́ ké."

Màmá náà da omi sí i lọ́wọ́, ó sì ń da omi náà lọ títí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ fi mọ́ tónítóní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó padà sí ilé ìgbẹ̀bí. Àsíátù jókòó, ọmọ ń mu ọyàn, àwọn obìnrin ọjà ti ròyìn ohun gbogbo fún un, ó sì ti rẹ́rìn-ín débi tí ikùn ń dùn ún. Ó gbé ọmọ lé Ìdírísù lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi gbé e," ló wí. "Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fẹ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ta á ní àkókò yìí?"

Ìdírísù ní òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti di ìka rẹ̀ mú, nítorí náà Madame Odile ló jáde lọ ra ẹ̀kọ.