Mo Lọ Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Wálé láti Koumassi

Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ni mo ti jáde nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kàmọ́rù ọmọ mi gbé báàgì ńlá, ó gbé kékeré, ó tún nawọ́ sí àpò tí mo fi kọ́ èjìká. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn èèyàn ń wò wá." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa: àgbà kì í di ẹrù mú kí ọmọ máa ju apá lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò ní parọ́.

Ọdún 2009 ni, nínú oṣù Keje, ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọlidé. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé mi lọ sí Abidjan: kí n mú Àǹtí Ṣìtú, ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé, wálé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ráfíù ọmọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Treichville, ló pè mí lórí fóònù. "Màmá, ẹ wá bá mi mú wọn lọ. Inú gọ́tà ni ìyá mi wà. Àwọn àgbàlagbà kóra jọ, wọ́n ń kó ìdọ̀tí àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò sì rán wọn níṣẹ́. La honte, Màmá." La honte ni ìtìjú lédè Faransé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tún yàrá ṣe, mo ra ẹní tuntun sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá ní n óò mú èèyàn wálé, àfi kí onítọ̀hún máa di ẹrù rẹ̀.

Kàmọ́rù sìn mí dé gáréèjì, ó padà sílé; Èkó ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì ńlá. A gba Sẹ̀mẹ̀, a gba Kútọnu àti Lomé. Ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ gbogbo wa kalẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, a ó tún padà wọkọ̀. Nígbà tí a wọ Gánà ní Aflao, mo ra kẹ́ńkè àti ẹja díndín ní sídì kan. Kẹ́ńkè náà ò ju ẹ̀kọ lọ, àmọ́ wọ́n jẹ́ kó kan, èèpo àgbàdo ni wọ́n sì fi dì í dípò ewé. Ata wọn ta ju tiwa lọ, bó tilẹ̀ ń dùn mí láti sọ ọ́. Lẹ́yìn Takoradi, igbó rọ́bà ló kù tí à ń wò, ọ̀nà sì dán ju ti ilé lọ. Bí a ṣe kúrò ní Elubo báyìí, èdè yí padà di Faransé.

Ní Treichville, wôrô-wôrô ni mo wọ̀, ìyẹn takisí tí èèyàn ń bá ẹlòmíràn pín. Èdè Dyula ni orúkọ náà, owó ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n ní ó ń sọ. Igba fáráǹkì ni tèmi. Dẹ́rẹ́bà náà ò ju ọmọ mi lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "La vieille, ẹ wọlé síwájú." Mo gbọ́ ìwọ̀nba Faransé nítorí aṣọ tí mo máa ń rà ní Kútọnu nígbà kan. Arúgbó obìnrin ló pè mí yẹn. Mo bi í pé ta ló ń bá wí. Ó fọwọ́ lé àyà: "Pardon, la vieille." Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà ní Adjamé, ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹni tí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún níbí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí i gan-an, la vieille ló ń pè é." Mo ní mo ti gbọ́, kó ṣáà má fi pè mí mọ́.

Koumassi Remblais ni ilé Ráfíù wà. Remblais ni yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi dí àbàtà, èyí ló jẹ́ kí omi máa rántí ọ̀nà rẹ̀ lágbègbè náà. Ìyàwó Ráfíù gbé attiéké fún mi pẹ̀lú ẹja, tòmátò àti àlùbọ́sà. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké, ó dà bíi gààrí tí wọn ò yan, ooru ni wọ́n fi sè é. Kì í lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà, ńṣe ló ń tú ká lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó béèrè Àǹtí.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́," ni ìyàwó náà wí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ráfíù ti ọjà dé, ó mú mi lọ síbẹ̀. Àǹtí Ṣìtú wà nínú gọ́tà lóòótọ́, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ká ìró sókè, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ọ̀rá omi àti ẹrẹ̀. Bàbá Ọ̀yọ́, télọ̀ tí ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, wà lápá kejì. Tanti Mariam, ìyá Dyula kan, ló ń ti bárò. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Àdùkẹ́, o káàbọ̀. Má fi aṣọ yẹn kan ẹrẹ̀."

Ráfíù bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ ṣọ́bìrì mú. "Ìyá mi, ẹ gbé e wá."

"Fi í sílẹ̀. O mọ òfin wa."

Mo ní òfin wo nìyẹn. Bàbá Ọ̀yọ́ ló dáhùn: "Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́, kó lọ mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá. Tiwa ò kúrò lọ́wọ́ wa."

Àǹtí dúró ṣinṣin, ó ṣàlàyé. "Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ń kọjá ló ń dọ̀bálẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á bá yín ṣe é. A kó ṣọ́bìrì fún wọn, a lọ jókòó. Ìgbà tí a fi padà dé, ṣọ́bìrì wà nílẹ̀, wọ́n ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún wa tán. Ìdọ̀tí ò kúrò níbi tó wà." Tanti Mariam ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo rán an létí ohun tí mo torí rẹ̀ wá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo ti tún yàrá ṣe. Ẹ óò jókòó, ẹ óò sinmi."

"Jókòó de kí ni?"

Àǹtí da ẹrẹ̀ sínú bárò. Kò dáwọ́ dúró. "Ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n gba ọlidé. Àwọn ọmọ wà nílé, ìyá wọn wà lọ́jà. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé ọmọ-ọmọ Mariam lẹ́nu ọ̀nà ibí yìí. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún la ti fa aṣọ rẹ̀ mú, díẹ̀ ló kù kó bómi lọ. A béèrè ta ló yẹ kó kó gọ́tà, oníkálukú ní kì í ṣe òun. Ẹ̀yin lẹ ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà nìyí, ẹ ní ká lọ sùn."

Inú bí mi. Mo sọ fún Ráfíù pé bí ọjọ́ ìrìn àjò bá pé, n óò mú un lọ tipátipá.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá dé láàárọ̀. Omi gọ́tà ń ga, ó ti dé ẹsẹ̀ àgò adìyẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ti dí i nísàlẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú ilé tó yí wa ká, wọ́n ń yọjú. Àǹtí wọ bàtà rọ́bà. Ráfíù dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ò lọ, ìyá mi. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Kúrò lọ́nà."

Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ bá mi dá wọn dúró. Ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá nìyí."

Òótọ́ ló sọ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ojú tó fi ń wò mí nígbà tí a jọ ń pọn omi ní kékeré ló fi wò mí. Ẹ̀rù bà mí fún un, ojú sì tì mí fún ara mi. Mo ní, "Bàtà rọ́bà mìíràn ńkọ́?"

A jáde. Bàbá Ọ̀yọ́ àti Mariam ti wà níbẹ̀. A di ara wa mú lápá, à ń fi igi àti ṣọ́bìrì ti ọ̀rá tó dí ojú gọ́tà. Ó le. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí Ráfíù tó ń bọ̀, ó ká ṣòkòtò ọjà sí orúnkún, ó gbé ṣọ́bìrì tó yá lọ́wọ́ bíríkìlà aládùúgbò. Àṣà ò jẹ́ kó rántí, ó tún nawọ́ sí ti ìyá rẹ̀. Ìyá wò ó. Ráfíù fa ọwọ́ padà, ó sì fi tirẹ̀ walẹ̀. Omi já, ó gba ẹnu ọ̀nà gbogbo wa kọjá, kò wọ yàrá kankan. Ráfíù ò tún dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ títí tí mo fi kúrò.

Èmi nìkan ni mo padà. Àǹtí sìn mí dé ibi wôrô-wôrô. Mo bi í pé kí n ṣe ẹní tuntun tí mo rà fún un sí. Ó ní, "Sùn lé e. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, dìde kúrò lórí rẹ̀." Dẹ́rẹ́bà tó gbé mi kí mi ní la vieille. Mo dáhùn, mo sì jókòó síwájú.

Ọ̀nà jíjìn tí mo gbà lọ ni mo gbà bọ̀. Kàmọ́rù pàdé mi ní gáréèjì, ó gba gbogbo báàgì, mo sì jẹ́ kó gbà á, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Àmọ́ bí a ṣe ń wọ àdúgbò, mo rí gọ́tà iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ọ̀rá kún un dé ẹnu, àwọn ọmọ tó wà ní ọlidé ń fò ó síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, mo kọrí síbẹ̀. Kàmọ́rù sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Màmá, ẹ má dójú tì mí. Ẹ gbé e wá." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìgbálẹ̀.

Mi ò fi í sílẹ̀. Mo ní, "Òmíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ mú tìẹ."