Pákó Àwọn Awakùsà

Ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà ní ẹ̀ka Ìlà-Oòrùn nínú líìgì kékeré àwọn ìlú orí òkè. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára ògiri pápá ìlú Dunmore Fork. Iṣẹ́ Delmar Stiltner ni láti gun àkàbà láràárọ̀, kó to àwọn pákó náà sórí ìṣó bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣáájú ara wọn, èyí tó ṣáájú lókè. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á ṣí fìlà sí fèrèsé ilé rẹ̀ tó kọjú sí pápá, Oleta ìyàwó rẹ̀ á sì ju ọwọ́ sí i.

"Ìsàlẹ̀ náà ni?" ni Oleta máa ń kígbe.

"Ìsàlẹ̀ náà ni!"

Ẹgbẹ́ ìlú wọn, àwọn Awakùsà, kì í kúrò nísàlẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ajubọ́ọ̀lù wọn jù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ọ̀tá kankan ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi igi gbá. Bí irú rẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n Oleta fẹ́ la ẹnu sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, Oleta sì ki búrẹ́dì àgbàdo bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Èdú ló bí ẹ̀ka náà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ á ti inú ihò jáde, wọn ò ní í tíì bọ́jú tí wọ́n á ti kún pápá. Nígbà tí wọ́n ti ihò èdú Tilden pa, ẹgbẹ́ Tilden kú tẹ̀lé e. Omi gbé pápá Coldiron lọ. Àwọn Béárì Hensley, tí wọ́n gba ife jù, kó lọ sí ìlú ńlá kan létí òkun, wọn ò tilẹ̀ dágbére. Delmar kì í yọ pákó ẹgbẹ́ tó bá kú. Ńṣe ló máa ń yí i dojú kọ ògiri, bí bàbá rẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú ti kọ́ ọ.

Ìgbà òtútù tí àìsàn dá Oleta dùbúlẹ̀ ni àwọn ọ̀gá líìgì ránṣẹ́ pé ẹ̀ka náà ti parí. Dókítà sì ti ní Oleta kò ní í rí ìgbà ìkórè. Ohun tó ń bi ọkọ rẹ̀ ṣáá ni, "Ìgbà wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?" Delmar kò lè sọ fún un pé ó ti parí.

Nígbà tí ewé rú, ó gbé àkàbà lọ sí pápá òfìfo, ó to pákó mẹ́ta tó kù.

"Mi ò gbọ́ ariwo èrò," ni Oleta wí.

"Wọ́n lọ gbá a nílùú onílùú."

"Àná ńkọ́?"

"Òjò."

Hobart tó ń gé koríko bá a nídìí àkàbà. "Del, ṣé orí ẹ pé? Ta ló jẹ lánàá?"

"Awakùsà. Gé koríko ẹ."

"Ó mà ṣe o, mi ò rí i wò."

"Bó o bá wà níbẹ̀ náà, oorun lo máa sùn."

Níbẹ̀rẹ̀, Delmar fi àwọn Awakùsà sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Àmọ́ bí Oleta ṣe ń rù sí i, àánú ẹgbẹ́ náà ń ṣe é. Ó sún wọn sókè. Lọ́jọ́ kan, ó gbé wọn dé orí ìṣó òkè pátápátá.

"Del, jókòó," ni Oleta wí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. "Awakùsà ló wà lókè yẹn?"

"Wọ́n ń gbìyànjú lọ́dún yìí."

Oleta rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Irọ́ ẹ dára títí di àná. Awakùsà kẹ̀! Ta ni wọ́n nà?"

Delmar dorí kodò. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà òtútù. Ṣé ìyàwó Hobart ló máa pa ẹnu mọ́?"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí ajubọ́ọ̀lù bá ń jù ú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí tirẹ̀ gbá, ta ló ń sọ ọ́ sí i létí?"

Delmar di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ti fúyẹ́ jù. "Ṣé kí n dá wọn padà sísàlẹ̀?"

"Fi wọ́n síbẹ̀. Jẹ́ kí n máa wò ó."

Àgbàdo kò tíì gbó tí Oleta fi kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Delmar gun àkàbà. Ó gbé pákó àwọn Awakùsà wá sórí ìṣó ìsàlẹ̀, ó wò ó, ó tún gbé e padà sókè. Ibẹ̀ ló ti yí i dojú kọ ògiri.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ti kan fìlà kó tó rántí.