Igi Tí A Kò Dárúkọ

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá gé igi tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń gbé ara lé wáyà iná. Ẹ̀rọ wọn kò lò ju wákàtí kan lọ kó tó parí iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán wá mú ojú ibi tí wọ́n ti gé e, òórùn igi tútù gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo jókòó sí. Mo dìde, mo ti fèrèsé. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń dúró tì mí láti ìgbà tí ìyá-ìyá rẹ̀ ti kú, béèrè pé, "Bàbá, nínú ooru yìí náà?" Ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè dúró sọ lójú fèrèsé lọ. Òun ni mo jókòó kọ yìí, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a gbọ́.

Ọmọ ahunṣọ ni mí, ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Àwọn òbí wa kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ogun tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jà lókè òkun ń parí lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ju òkìkí rẹ̀ lọ. Ohun tí àwa ń gbọ́ láràárọ̀ ni ìró òfì ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti jókòó ní ìlà kan. Ahunṣọ kì í jókòó síbi tó há. Òwú tí yóò di aṣọ, gbọọrọ la ó ta á síwájú rẹ̀, a ó so ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta tó wúwo, òkúta náà yóò sì máa wọ́ nílẹ̀ bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ náà ti ń gùn sí i. Àwa ọmọdé mọ bí a ṣe ń fo àwọn òwú wọ̀nyí láìfi ẹsẹ̀ kàn wọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kàn án, yóò sunkún kó tó jẹun.

Ní òpin ibi tí à ń ta òwú sí ni igi apá ńlá kan wà. Ó ti wà níbẹ̀ kí agbo ilé wa tó wà. Kóró rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n dé fìlà pupa sí i lórí. Àwa ọmọdé máa ń ṣà á ta bí ọmọ ayò. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kan ti máa ń ṣèpàdé, wọn kì í sì í sọ irú ẹyẹ tí wọ́n ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka kan já láti orí apá náà, ó bọ́ sórí òwú aṣọ ìyàwó kan tí bàbá mi ti ń hun láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá mi ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún méjì nígbà náà. Ó ní igi tí yóò máa ba òwú òun jẹ́ kò ní bá òun gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé, kò bá a jiyàn.

"Gé e," ni baálé wa wí. "Àmọ́ wíwó ló yá, gbígbé ni kò yá. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ? Má sì jẹ́ kó jáde nílé yìí láìdárúkọ rẹ̀ o."

Mo ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti kúrò láyé. Ní ìgbà tiwa, ẹni tó bá ta igi ìdáná tàbí tó fi tọrẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ igi náà kó tó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń gbà á. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní igi tí wọn kì í fi dáná, apá sì jẹ́ èèwọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Bí o bá fún èèyàn ní igi tí o kò dárúkọ rẹ̀, tó sì fi èèwọ̀ ilé rẹ̀ se oúnjẹ, ohunkóhun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ ló wà.

Lágilági mẹ́ta láti ọ̀nà Ọ̀tu ló wá wó o. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lu ú láàké. Ó ṣubú gbalaja sí ibi tí à ń ta òwú sí gan-an, wọ́n gé e sí ìtì-ìtì, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì gbé àáké wọn kọ́ èjìká. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó igi náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Bàbá, wíwó la wá wó o. Ẹni tó pa ejò kọ́ ló ń gbé e relé."

Bàbá mi wá di ẹni tó ń polówó. Ìyá kan tó ń ta igi yí ìtì náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó kan sáárá sí i, ó ní, "Bàbá aláṣọ, igi yín dára o. Kí Olúwa jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín," ó sì bá ẹ̀rín lọ. Agbẹ́dó ní òun ò ní irin tó lè gbẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ó ní in. Alágbẹ̀dẹ ní òun ì bá fi ṣe èédú, àmọ́ ìyàwó òun lóyún. "Ìyàwó rẹ kì í ṣe èyí tó bímọ lóṣù tó kọjá?" ni bàbá mi bi í. Ó ní kò burú, èyí kejì lòun ń wí.

Igi náà kò kúrò nílẹ̀. Òwú mẹ́rin nínú márùn-ún kò rí ibi nà sí mọ́, òfì sì dákẹ́. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gbẹ àwọn ìtì náà, wọ́n ń sán, wọ́n ń dún kọ́kọ́ lọ́sàn-án gangan bí ẹni tó ń fọ́ eegun ìka ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti dún báyìí, àwọn ìyá á pe ọmọ wọn wọlé.

Ilé-ìwé kan ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Mo ti fi ojú ara mi rí ọmọ kan tó ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú bébà, láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sùn dáadáa. Mo bẹ bàbá mi. Ó na ọwọ́ sí àwọn ìtì igi náà, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá tún ta òwú mi tí kò kọlu igi yìí, ọjọ́ náà ni wàá lọ. Ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe kì í rán ọmọ níwèé."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àkànní. Opó ni ìyá rẹ̀, aró ló ń rẹ. Ọwọ́ Àkànní dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́. Bó bá gbá mi létí, ojú mi ni wọn yóò ti kà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àbẹ̀ní, máa ń tọ̀ wá lẹ́yìn, ó sì máa ń lọ sọ gbogbo ohun tí a bá ṣe fún ìyá wọn. Aláró kì í rẹ aró láìsí omi eérú, igi púpọ̀ la ó sì sun kí eérú tó tó. Lọ́dún náà iná ti jó igbó kọjá, igi ti wọ́n, ìkòkò aró Ìyá Àkànní sì ti ń gbófo.

Èmi fúnra mi ni mo ro èrò náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bàbá mi ti fi àáké la díẹ̀ nínú ìtì náà, ó sì ti bó èèpo wọn. Mo di ìdì kan, mo rù ú lọ sí iwájú ilé Ìyá Àkànní.

"Igi kí ni?" ló bi mí, bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè.

"Igi èmì ni, Ìyá. Láti oko wa."

Èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó gbé ọ̀kan, ó fi ọwọ́ ra á, ó gbé e súnmọ́ imú. "Èmì yìí mà wúwo o," ló wí. Àkànní dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí àwọn ìtì yẹn ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń ṣeré nígbà tí àwọn àgbà ò bá sí nítòsí. Ó wo igi náà, ó wò mí. Ó mọ̀ pé ilé-ìwé ni mò ń fi irọ́ náà wá. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá a kó ìyókù wá."

A jọ kó o. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá mi tó bá rí wa lọ́nà á yí ojú sí ibòmíràn, torí wọn kò fẹ́ bèèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró. Bí a ti ń kó èyí tó wà nílẹ̀ ni bàbá mi ń la òmíràn, títí kò fi ku ìtì kan nílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó bi mí pé, "O dárúkọ rẹ̀ fún un, àbí?" Mo ní mo dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ta òwú gbọọrọ, lọ́jọ́ kẹta mo jókòó níwájú tíṣà pẹ̀lú síléètì lórí itan mi.

Oṣù wọ̀nyẹn ni oṣù tó dára jù nínú ìgbà èwe mi. Àkànní á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé nírọ̀lẹ́, á ní kí n fi ohun tí mo kọ́ han òun. A ó kọ ọ́ sórí iyanrìn. Kò pẹ́ tí ó fi ń kọ B dáadáa jù mí lọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àrùn ńlá nì dé. Wọ́n ní láti ẹnu òkun ló ti gbéra, ó tọ ojú irin wá sí Ìbàdàn, ó sì tẹ̀lé àwọn oníṣòwò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibà ni, ikọ́ ni. Ẹni tó bá ki yín láàárọ̀ lè máà rí alẹ́. Ilé-ìwé tì. Ọjọ́ kẹta tí ó mú Àkànní, Àbẹ̀ní wá dúró sí ẹ̀yìn ògiri wa, ó pe orúkọ mi, ó ní, "Àkànní ò dìde mọ́." Wọn kò jẹ́ kí n lọ síbi tí wọ́n ti sin ín. Ilé tí kò fi igi apá dáná rí pàdánù èèyàn méjì àti mẹ́ta, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ tó mọ ohun tó ṣe? Ìyá Àkànní ṣì ń rẹ aró lẹ́yìn náà. Bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń yà.

Mo kàwé, mo di tíṣà. Mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa àrùn náà, bó ṣe kárí ayé, dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ apá rí. Mo gbà á gbọ́ lójú ìwé. Bí mo bá pa ìwé dé, n kò mọ ohun tí mo gbà gbọ́ mọ́.

Àbẹ̀ní ni mo fẹ́. A ti bímọ mẹ́rin, wọ́n ti gbé mi lọ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ṣakí, kí n tó lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ igi náà fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ lọ́jọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, kò gbé ojú sókè.

"Bàbá Dúró," ló wí, "ṣé ẹ rò pé aláró tó ti ń sun igi láti ìgbà ọmọge rẹ̀ kò ní mọ eérú apá? Ìdì kejì ni Màmá ti mọ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀.

"Igi wọ́n. Wọ́n sì ní báwọn bá dá a padà, bàbá yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ síléèwé. Wọ́n ní ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin àti Àkànní mọ̀wé. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín." Ó yọ òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. "Èmi náà kúkú jẹ nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi igi yẹn sè. Ṣé òkú ló ń ṣa ẹ̀wà fún yín yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n kò lè dá omi ojú mi dúró. Ó ti mọ̀ kí n tó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó mọ̀, ó sì fẹ́ mi.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi ń fi gáàsì dáná; bí ẹ bá bi wọ́n pé igi kí ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n á ní pákó ni. Wọ́n ti kọ́lé sí ibi tí a ti ń ta òwú. Síbẹ̀ a ṣì ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn, òkúta ṣì ń wọ́ tọ ahunṣọ bọ̀, àwọn ìyá ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ irọ́ tí ọmọdé ń pa fún wọn, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ torí ohun tí ó ń wá.

Láti ọjọ́ ẹ̀wà yẹn, ìyàwó mi ni ẹ̀rí tí mo ní pé igi náà kọ́ ló pa Àkànní. Bí ẹ̀rù àtijọ́ bá dé, mo máa ń pè é láti inú yàrá, láìní ohun kan tí mo fẹ́ kó ṣe. "Àbẹ̀ní!" Á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Mo wà láyé o!" nítorí ó mọ ohun tí mò ń bèèrè. Ọjọ́ orí ló pa á. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ló fi lọ. Láti ìgbà tí a ti sin ín, mi ò tíì pe orúkọ náà sókè nínú ilé yìí.