Ta Ló Ń Bọ́ Òkèlàjà?

Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàgámù, mo ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ìpara ni mò ń lọ. Ibẹ̀ kò jìnnà rárá, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún ìrìn náà síwájú.

Ìwé kan ni mò ń kọ, ìtàn ìlú àtijọ́ kan tí kò sí rí, tí mo sọ ní Òkèlàjà. Mo kọ́ ààfin síbẹ̀, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn àwọn ìjòyè, ọjà wọn kì í sì í ṣófo. Nígbà tí mo kà á fún ọkọ mi, ó ní, "Ọba ń jókòó, ìjòyè ń jagun. Ta ló ń bọ́ gbogbo wọn?" Mo ní ẹrú ni. Ó ní, "Báwo?" Èmi alára kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó lè dáhùn: Màmá Ìpara, àbúrò ìyá àgbà mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ríra ni wọ́n ra ìyá tó bí ìyá wọn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè nínú ẹbí.

Ní ìkóríta ńlá tí ọkọ̀ gbogbo ti ń yà, mo fi ẹ̀wà jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Awakọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ní owó Ìbàdàn ni n ó san.

"Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ìdajì ọ̀nà ni mò ń lọ."

"Àǹtí, àyè tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò jókòó síbẹ̀?"

Mo san án. Títì dán dáadáa, àfi ìgbà tí a dé Ògèrè tí àwọn tírélà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, ọ̀kadà gbé mi gba ọ̀nà eléruku, oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, igi obì lósì. Inú àpò àwọn tó ń tà á làwa ará Ṣàgámù ti mọ obì jù. Lórí igi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n níhìn-ín.

"Ìwẹ ni?" ni Màmá wí bí wọ́n ṣe rí mi. Bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń pe "ìwọ" nìyẹn. Wọ́n ní kí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Ewùrà náà la fi ń sè é nílé wa, àmọ́ ẹja gbígbẹ tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Mo jẹun tán kí n tó sọ ti ìwé mi, tí mo sì béèrè ohun tó gbé mi wá.

Bọ̀ọ̀dá Gàní, àkọ́bí Màmá, ló kọ́kọ́ fèsì. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹbí máa yan olórí ilé. Èmi ni wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ẹrú ni wá, ó parí nìyẹn. Ṣebí o ní ìlú náà kò sí rí? Fi ọkàn ara rẹ rò ó."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti rò ó, irọ́ ló jáde. Ẹ má bínú, mi ò ní kúrò níbí láìgbọ́."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, Màmá gbọ́wọ́ sókè. "Gàní, èmi ni mo bí ọ. Jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní Ọjàbíyìí ni olówó tó ra ìyá àgbà wọn sọ ọ́. Olówó náà kì í fọwọ́ kan ọkọ́. "Ẹrú ló ń kọ ebè, ẹrú ló ń gé ẹyìn, ẹrú ló ń fún epo, ẹrú náà ló ń rù ú dé ọjà etí odò. Owó epo ni wọ́n fi ń ra ìbọn. Ìbọn ló ń kó ẹrú mìíràn wálé, òun náà á sì bọ́ sóko."

"Màmá, ṣé kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀?"

"Bí oòrùn bá ń wọ̀, á lọ ro ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fún un. Ibẹ̀ ló ti bọ́ ìyá mi. Olówó ló bí ìyá mi fún, ìyá mi di ọmọ ilé. Ipò ẹrú ni òun alára wà títí ó fi kú." Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Ilé tí o fẹ́ jẹ olórí rẹ̀ yìí, orí ọrùn ìyá yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé."

Bọ̀ọ̀dá Gàní ò lè gbójú sókè.

"Ọjàbíyìí kọ́ lorúkọ rẹ̀," Màmá tún ní. "Ìbídùn ni wọ́n ń pè é nílé bàbá rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló sọ ọ́ fún."

"Ṣé kí n kọ ọ́, Màmá?"

"Kọ ọ́."

Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé mi padà dé etí títì. Nígbà tí ọkọ̀ mi dúró, ó ní, "Èmi ni n ó fẹnu ara mi sọ ọ́ nípàdé. Tí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ gba oyè, kí wọ́n gbà á. Wọn ò lè gba ìyá tó bí ìyá àgbà mi lọ́wọ́ mi."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo ti rò pé iṣẹ́ ẹrú jẹ́ ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Mo padà mọ̀ pé orí rẹ̀ gan-an ni gbogbo ìlú dúró lé. Mo fa ojú ìwé kìn-ín-ní ya, pẹ̀lú ààfin inú rẹ̀. Mo jókòó, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀: "Kí ọba Òkèlàjà tó jí, Ìbídùn ti dé oko."