Ọjọ́ Tí Fóòmù Wó Lu Ọ̀gá Àlá

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Ọ̀gá Àlá ni ti ọjọ́ tí fóòmù wó lù ú. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń ṣèpàdé nílé-iṣẹ́ fóòmù rẹ̀. Á na gbalaja, á dijú, àwọn máníjà rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin, á dùbúlẹ̀ yí i ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí atẹ́gùn ń rọra mi aṣọ fèrèsé, ó ní òun lálàá fóòmù kan tó ga, tó wúwo bí òkè.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an, sà!" Ẹnì kan ti ń hanrun.

Wọ́n ṣe é, kò tà. Fóòmù kún ilé ìkẹ́rù dé àjà. Ilé-iṣẹ́ ti fẹ́ kógbá sílé kí ìyá tó ń darí àwọn aránṣọ fóòmù tó kanlẹ̀kùn wọlé ìpàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń sá fóòmù sóòrùn nílé yín?"

Ọ̀gá Àlá la ojú kan. "Ìyàwó mi ni."

Àwọn máníjà náà ní ìyàwó àwọn ni.

"Ẹ wá gbé fóòmù tuntun yìí síta, ká wò ó."

Ọ̀gá Àlá ká apá aṣọ sókè, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Fóòmù wó lù ú, ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń fà á yọ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ fóòmù: "Ẹ fi obìnrin yẹn ṣe máníjà!"

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó pín ipò máníjà dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin.

"Ṣé àwọn obìnrin yìí á jẹ́ ká sinmi, sà?" ni akáúńtáǹtì ń kùn.

"Oníbàárà ló ń sinmi. Àwa ń ta fóòmù."

Àríyànjiyàn gba gbogbo ìpàdé. Fóòmù wá fúyẹ́, ọjà wá ń yá. Inú bàbá a máa dùn bí wọ́n bá da àlá rẹ̀ nù. Tó bá sì di Sátidé, àwọn aládùúgbò á rí i tó ń sá fóòmù fúnra rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìyá àwọn aránṣọ ló gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Obìnrin náà lọ kí i lórí àìsàn.

"Ọmọ mi, ta ló ń bá ọ jiyàn báyìí?"

"Kò sí o, sà. Gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún mi."

"Háà! Àìsàn tìrẹ le ju tèmi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn.

Nípàdé tó tẹ̀lé ìsìnkú bàbá, ìyá náà dá àbá kan. Máníjà ọjà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, gbéra ńlẹ̀: "Ẹ má bínú, mà. Mi ò gbà."

Ìyá náà pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Àárò bàbá ti sọ wọ́n.